Ọjọ́ Tí N Kò Lè Jẹ́ Oríkì Mi Tán

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín ní ọsibítù pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹsẹ̀ yín, ẹ jókòó, ẹ mu omi díẹ̀, kẹ́ ẹ ka ohun tí mo kọ yìí. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà. Mo ṣì wà láyé, mo ń ránṣọ, mo sì ń bá àwọn oníbàárà jà nítorí aṣọ tí wọ́n kọ̀ tí wọn kò wá gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tíì dé ọsibítù rárá, tí ẹsẹ̀ yín kan wú, tí ó gbóná, tí èkejì kò sì ṣe nǹkan kan, ẹ má ka èyí báyìí. Ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ óò ka ìyókù nígbà tí ẹ bá dé.

Béatrice ni orúkọ mi, Àníkẹ́ ni oríkì mi. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kékeré kan ní Tokpota. Médard ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ní apá Ouando. Ìjọ aláṣọ funfun ni a ń lọ, èmi àti gbogbo ará ilé bàbá mi. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí ohun kan tó yà mí sọ́tọ̀. Irú mi pọ̀ ní àdúgbò yín.

Ohun kan ṣoṣo tó lè yà yín lẹ́nu ni pé èmi, ìyá ọlọ́mọ, mò ń ṣe eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ti ọkọ̀ tí ń sáré. Irú èyí tí ènìyàn ti máa ń yan ẹni tí yóò jẹ́ ni: o lè jẹ́ jagunjagun, o lè jẹ́ ọdẹ, o lè jẹ́ oníṣòwò, tí ìwọ àti àwọn tí o kò rí ojú wọn rí yóò sì jọ máa gbé ìlú kan tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé. Ẹ̀gbọ́n mi Sylvain, tó ń ṣiṣẹ́ ní Libreville, ló mú mi wọ inú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ orí fóònù ti sú òun. Ẹ óò ní "báwo ni," wọ́n á ní "dáadáa ni," ọ̀rọ̀ ti tán. Ó ní ká wá ibì kan tí a ó ti jọ máa ṣe nǹkan, nítorí pé àwọn ọmọ ìyá tí kò jọ ṣe nǹkan mọ́, àlejò ni wọ́n ń dà sí ara wọn.

Mo fẹ́ jẹ́ jagunjagun. Nígbà tí mo débẹ̀, jagunjagun pọ̀ bí iyanrìn, aránṣọ ni wọ́n ń wá. Báyìí ni mo ṣe ń rán káàkí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Tokpota láti àárọ̀, tí mo tún ń délé láti rán ẹ̀wù ogun fún àwọn ará Abidjan àti Lomé. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní mo sá fún abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ti ṣíwájú mi débẹ̀.

Àṣà kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín, nítorí òun ló gba ẹ̀mí mi là. Ní ilé bàbá wa, a kì í kí ara wa ní ìkíkúkí. Bàbá a máa pe oríkì wa lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀. Ẹni tí ó bá pè á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á sì máa jẹ́ ẹ títí tí oríkì náà yóò fi parí: "Hìn ín o, Bàbá, èmi nìyí o." Bí o bá dákẹ́ láàárín, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Lẹ́yìn tí Bàbá kú, Sylvain gba iṣẹ́ náà ṣe. Nínú eré yẹn, bọ́tìnnì kan wà tí ènìyàn lè tẹ̀ kí ẹni tí ó jẹ́ níbẹ̀ kúnlẹ̀. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Sylvain á wá bẹ̀rẹ̀ nínú kásíkì tí mo fi sétí: "Àníkẹ́, ọmọ aránṣọ tí í rán ti àlejò kó tó rán tara rẹ̀," èmi náà á máa jẹ́ ẹ. Àwọn ará Abidjan rò pé ara eré ni. Nígbà tó yá, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ fún un.

Ìgbà tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí àsìkò yẹn ṣe rí fún aránṣọ: káàkí lókè, káàkí nílẹ̀. Mo ti yí ẹ̀rọ mi padà sí oníná, n kò fi ẹsẹ̀ wà á mọ́ bí ìyá mi ṣe ń wa tirẹ̀. Inú mi dùn sí i nígbà náà. Mo ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo ń délé, mo ń jẹun, mo tún ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi lápá òsì ló kọ́kọ́ ń dùn mí, bíi pajápajá tó mú ènìyàn tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo rò pé àga ni. Mo pààrọ̀ àga. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bàtà mi òsì kò gba ẹsẹ̀ mọ́, ti ọ̀tún sì gbà á dáadáa. Mo fi ọwọ́ kàn án, ó gbóná. Mo wọ sálúbàtà ọkọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ, nítorí pé àwọn ìyá ọmọ ń dúró, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ wíwú kì í ṣe ikú. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Médard ní ká lọ sí ọsibítù. Kí a tó lọ, Tántì Félicité dé láti Akpro-Missérété. Àbúrò bàbá wa obìnrin ni. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, òun ni bàbá, òun náà sì ni ìyá nígbà tí ìyá wa tún tẹ̀lé e. Gbogbo ẹbí ló mọ ọwọ́ rẹ̀. Bí ọrùn bá fún ọmọ lójú oorun, òun ló ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ìyá ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òun ló ń fi omi gbígbóná àti òrí fọwọ́ ra á títí ara rẹ̀ yóò fi padà. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó sì mi orí.

"Wọ́n fi oògùn ta á ni," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ lásán ni a fi ń rìn nínú sùtánà. Ó ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀."

"Tántì, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ kí dókítà wò ó," ni ọkọ mi sọ.

"Médard, ṣé ìwọ ló tọ́ ọmọ yìí ni, àbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni, Tántì."

"Bọ̀n, ó dáa. Lọ gbé omi kaná fún mi."

Ó gbé omi kaná. Ẹ má bú ọkọ mi. Àna ni àna ń jẹ́. Ọkùnrin tó gba ìyàwó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn kì í bá wọn jiyàn nípa ara ọmọ wọn, pàápàá lójú ẹni tó mú un dání wọlé ọkọ. Èmi gan-an na ẹsẹ̀ sí i. Ọwọ́ Tántì ni ọwọ́ tó ń ra mí lára láti kékeré, mo sì fẹ́ ẹ.

Ó fi òrí ra á. Ó tẹ̀ ẹ́ láti ọrùn ẹsẹ̀ gòkè, ó ń gbàdúrà, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí gan-an, lẹ́yìn náà ara tù mí. Ó ṣe é láàárọ̀, ó ṣe é ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó ti ń ṣe é, ó ń bá mi wí nípa eré náà.

"Ibi tí ẹ ń lọ nínú àpótí yẹn, ta ló ni ín? Ò ń kúnlẹ̀ fún ẹni tí o kò rí."

"Ẹ̀gbọ́n Sylvain ni mò ń kúnlẹ̀ fún, Tántì."

"Ṣé o rí ojú rẹ̀?"

Ojú jagunjagun kan tó ní irùngbọ̀n pupa ni Sylvain ń lò níbẹ̀. Tántì ní ẹ̀mí àjèjì ló gba ibẹ̀ wọlé sí mi lára. Ó gba kásíkì náà lọ́wọ́ mi, ó sì fi í pamọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Ẹsẹ̀ kan tó wú, tó gbóná, tí èkejì kò wú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ra á. Ì báà jẹ́ ìyá yín. Ì báà jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti wo ọgọ́rùn-ún ènìyàn sàn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì sínú iṣan, títẹ̀ ẹ́ lè mú kó já kúrò níbi tó wà, kó sì gòkè. N kò mọ̀ nígbà náà, Tántì kò sì mọ̀. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lábẹ́ egungun ìhà nígbà tí mo bá fa èémí sínú. Mo ń wúkọ́. Mo ní òjò ló pa mí. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà níwájú ilé wa, mo ní láti dúró kí n di ògiri mú. Ṣùgbọ́n wíwú ẹsẹ̀ náà ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, inú Tántì sì ń dùn pé nǹkan tí wọ́n ta ti ń jáde. Mo gbà á gbọ́, torí mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìsìn. Èmi kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tántì ti dé láti ibẹ̀, ó ń yan ẹja ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn. Médard ń ṣàtúnṣe iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìta. Mo wá kásíkì náà, mo rí i lábẹ́ ìrọ̀rí Tántì, mo sì wọlé sínú eré, nítorí pé ọjọ́ Àìkú ni èmi àti Sylvain máa ń pàdé. Mo tẹ bọ́tìnnì, ẹni tí mo jẹ́ níbẹ̀ kúnlẹ̀.

"Àníkẹ́," ni Sylvain pè.

"Hìn ín o, Ẹ̀gbọ́n mi," ni mo fẹ́ wí. Mo dé "hìn ín o." Èémí tán.

Sylvain tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe máa ń ṣe. "Àníkẹ́, ọmọ aránṣọ..."

Mo gbìyànjú. Ohùn kan jáde tí kì í ṣe tèmi. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sọ pé ikọ́ ni, n kò rí èyíkéyìí sọ.

"Àníkẹ́, níbo ni Médard wà?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Má dá mi lóhùn. Yọ kásíkì kúrò lára ẹ̀rọ kí n máa sọ̀rọ̀ síta."

Mo fà á yọ. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi kún inú yàrá. Ó ń pe orúkọ ọkọ mi bí ẹni tó ń pe ará ilé tí iná ń jó lọ́wọ́. Médard sáré wọlé, Tántì tẹ̀lé e pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ iná. Médard wò mí, ó ní òun ń lọ pe takisí. Tántì dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ tan àbẹ́là, kí òun gbàdúrà lé mi lórí, ohun tó wà nínú àpótí yẹn ló ń fún mi lọ́rùn.

"Tántì," ni Sylvain wí látinú ẹ̀rọ. "Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà. N kò bá yín jiyàn. Oríkì rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ pè é bí Bàbá ṣe ń pè é, kẹ́ ẹ gbọ́ bí yóò ṣe jẹ́ ẹ."

Tántì wo ẹ̀rọ náà, ó wò mí. Ó sún mọ́ mi.

"Àníkẹ́," ni ó wí, "ọmọ aránṣọ tí í rán ti àlejò..."

Mo la ẹnu. Mo rí ojú rẹ̀ bí ó ṣe ń retí mi. Mo fẹ́ jẹ́ ẹ ju ohunkóhun tí mo ti fẹ́ rí láyé lọ. Nǹkan kan kò jáde.

Ó ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ gbé e," ni ó sọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá mi.

Ẹ mọ bí ọsibítù wa ṣe rí. Ẹ óò gba nọ́ńbà, ẹ óò lọ sanwó níbi tí wọ́n ti ń sanwó, ẹ óò padà wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó kún lọ́jọ́ yẹn bí ọjọ́ ọjà Ouando. Ẹnì kan ní kí a dúró de àyè wa. Tántì, tí kò gbà kí wọ́n gbé mi wá, ló wá di ẹni tí kò gbà kí n dúró. Ó dúró sáàárín wọn pẹ̀lú sùtánà tó ti dúdú fún èéfín ẹja, ó ń bẹ̀ wọ́n ní Yorùbá, ó ń bẹ̀ wọ́n ní èdè Gún. Bàbá arúgbó kan tó wà níwájú ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọjá. Nọ́ọ̀sì kan wo ètè mi, kò tún béèrè nọ́ńbà mọ́. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí mi nímú. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí jù. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ Faransé kíákíá lórí mi, mo sì ń rò ó pé káàkí àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà ní ṣọ́ọ̀bù tí kò sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ ti ta.

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ẹsẹ̀ mi, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún. Wọ́n tún gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti wo inú àyà mi. Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fi Gún ṣàlàyé rẹ̀ kí Tántì lè gbọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó dì dà bí ẹrẹ̀ nínú gọ́tà. Bí ó bá wà lójú kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á kún, ẹsẹ̀ á wú. Bí ó bá já, omi á gbé e lọ, á sì dí ibi tóóró tó bá kàn. Tèmi ti já. Díẹ̀ lára rẹ̀ ti wọ ẹ̀dọ̀fóró mi.

Ó béèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo sọ. Ó béèrè ohun tí mo ń ṣe bí mo bá délé. Mo sọ ti eré náà pẹ̀lú ìtìjú. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ń ṣe é nígbà tí òun wà nílé-ìwé. Ó béèrè bóyá mò ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, mo wo Tántì, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Tántì gbójú kúrò. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ti ní irú rẹ̀ rí.

"Rárá," ni mo wí.

Tántì ń ká etí aṣọ rẹ̀, ó ń tú u. "Bàbá rẹ̀," ni ó wí.

Ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ ni pé wọ́n ta Bàbá lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹsẹ̀ kan wú, wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé, ó ń sàn bọ̀, ó sì ṣubú lójijì ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò dìde mọ́. Ẹnì kan tó ń bá a dupò níbi iṣẹ́ ni wọ́n fi ẹ̀sùn náà kàn. Ìdílé rẹ̀ wà ní Ouando, a kò kí wọn láti ìgbà náà. Ohun tí n kò mọ̀ ni ẹni tó tọ́jú ẹsẹ̀ náà nílé. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn, kí Tántì tó la ẹnu sọ ọ́, bí mo ṣe rí i tí ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ sí mi níkùn láàárọ̀ àti lálẹ́, láti mú kí ẹ̀jẹ̀ mi má dì sí i. Ikùn mi dúdú káàkiri. N kò ní ka owó tí ó ná wa fún yín. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì lọ síbẹ̀, Sylvain ń fi owó ránṣẹ́, àwọn ará Abidjan tí wọn kò mọ ojú mi náà dá díẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá kí mi, olúkúlùkù pẹ̀lú ìgò tirẹ̀: àgbo, omi àdúrà, òróró. Ẹnì kan ní òun mọ ẹni tó lè fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà kó wálẹ̀. Tántì dìde lórí àpótí tó jókòó lé. "Kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kàn án," ni ó wí, ó sì dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi títí ẹni náà fi lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí Médard lọ ra oògùn, ó béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀.

"Àníkẹ́, ṣé èmi ni mo pa ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá kíákíá. Ṣùgbọ́n Tántì kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń fi irọ́ rẹ̀ lẹ́kún. Mo ní kí a jọ bi dókítà. Nígbà tí dókítà dé, ó jókòó tì í, ó ní kò sẹ́ni tó wo inú ẹsẹ̀ Bàbá nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè já fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ní ohun tí a mọ̀ ni pé ó lè wà nínú ìdílé, ẹni tó bá sì ṣẹ́kù nínú ìdílé ni ká máa rò.

"Àjàní," ni Tántì wí. Oríkì Sylvain nìyẹn. "Òun náà ń jókòó sídìí àpótí yẹn."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí ara mi. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni mo ní.

Sylvain ń sun ún síwájú. Ó ní iṣẹ́ pọ̀, ó ní ẹsẹ̀ òun kò wú, ó ní èmi ni kí n máa tọ́jú ara mi. Ẹ mọ ọkùnrin. Èmi bẹ̀ ẹ́, Médard bẹ̀ ẹ́, asán ni. Nígbà tí mo ti padà sílé, Tántì ní kí n gbé òun wọ inú eré náà. Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Mo jẹ́ kó lo ènìyàn tèmi, mo fi kásíkì sí i létí lórí gèlè. Ó rí ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa náà, ó bojú wò ó pẹ́.

"Ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, Tántì."

"O burẹ́wà. Lọ sí ọsibítù. Títí o ó fi lọ, ibí yìí ni màá máa dúró sí lójoojúmọ́, iwájú gbogbo àwọn ọmọ ogun rẹ, màá sì máa bi ọ́."

Ó sì dúró. Àwọn jagunjagun Abidjan àti Lomé ń wá kí ìyá náà, ó ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé olórí wọn ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí Sylvain fi lọ. Wọ́n ní kò sí nǹkan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kó máa rìn, kó máa mu omi, kó sì tètè wá bí ó bá rí àmì kankan.

Èmi ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, mo sì ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè. N kò gbọdọ̀ lo àgbo kankan pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀fọ́ tí mo ń jẹ má máa pọ̀ lónìí kó wá tán lọ́la, kó jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Bí abẹ́rẹ́ bá gún mi lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ náà máa ń pẹ́ kó tó dá, aránṣọ sì ni mí, nítorí náà mo ti kọ́ sùúrù. Mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn kan tó fún mọ́ mi lẹ́sẹ̀ nínú ooru Àjàṣẹ́ yìí, mo sì ń bú u lójoojúmọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí mi, torí irú rẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Mo tú mọ́tò kúrò lára ẹ̀rọ mi, ẹsẹ̀ ni mo tún fi ń wà á bí ìyá mi. Ẹsẹ̀ òsì ṣì ń wú díẹ̀ bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́. Nígbà mìíràn tí àyà mi bá lù kì, ẹ̀rù máa ń bà mí. Ó ti dín kù, kò tíì tán.

N kò fi eré náà sílẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ ní kí n dáná sun kọ̀ǹpútà. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti rìn kọjá ní Tokpota ní ìrọ̀lẹ́ rí, kí wọ́n wo àwọn ọmọ wọn tó tẹrí ba lórí fóònù. Inú irú ìlú inú eré bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ń gbé. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa ṣe ìpàdé ẹbí, ibẹ̀ ni àwọn mìíràn yóò ti rí ọkọ àti aya, ibẹ̀ ni ọmọ tó wà ní òkèèrè yóò ti máa gbọ́ èdè ilé rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dá a padà. Ohun tí a lè ṣe ni ká bá wọn débẹ̀, ká gbé àṣà wa dání, ká sì máa sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, bí mo bá ní "ẹsẹ̀," ogun yòówù kó gbóná, gbogbo wa ló ń dìde rìn yí ilé ká. Àwọn ọ̀tá máa ń pa wá díẹ̀ nígbà náà. A ń jí padà níbẹ̀.

Tántì lọ sí Ouando ní ọjọ́ kan, sí ilé àwọn tí a kò kí. Kò sọ fún mi ohun tí wọ́n jọ sọ, n kò sì bi í.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó dé láti ìsìn, kò tilẹ̀ tíì bọ́ sùtánà. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó gba kásíkì lọ́wọ́ mi.

"Àjàní," ni ó pè.

Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi bí ó ṣe ń jò jáde létí rẹ̀: "Hìn ín o, Tántì, èmi nìyí o." Tántì kì oríkì náà lọ, kò yára. Sylvain ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí ó parí, Tántì kò yọ kásíkì náà. Ó di ojú, ó sì ń tẹ́tí sí i, títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Èémí rẹ̀ pé," ni ó wí. Ó kọjú sí mi. "Ó ku ìwọ."

Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnnì náà. Ó gbá ọwọ́ mi kúrò. Mo dìde lórí àga, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ burúkú yẹn lẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mo sì jẹ́ ẹ títí ó fi parí.